Iná nìkan kọ́ ló ń tún smoker tó bu ṣe

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹnìkan ti gba àwa tí a wà l'Amẹ́ríkà nímọ̀ràn pé bí smoker tí a fi ń yan ẹran bá ti bu nítorí pé ó pẹ́ tí a ti lò ó kẹ́yìn, kí a ṣáà kó igi sí i, kí a dáná ńlá, ó parí. Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Iṣẹ́ oúnjẹ òde ni mò ń ṣe ní Houston níbí. Ẹja àrọ̀, tòlótòló àti ẹran ewúrẹ́ ni mo máa ń yan fún àwọn ará wa tó bá ń ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ká máa fojú di í.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń lọ sílé lóṣù Kejìlá. A ó pa ìdérí smoker dé, a ó dí ihò èéfín, a ó fi tapólì bò ó. Ọ̀rá ẹran ṣì wà lára irin, omi ṣì wà nínú abọ́ ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rinrin Houston kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ bọ̀rọ̀. Ìgbà tí a bá fi máa ṣí i, ohun funfun bí òwú ti hù sórí wáyà ìyanran. Ẹ má ṣì í mú fún èyí tó dúdú, tó ń dán, tó ń ṣí bẹ́lẹ́bẹ́lẹ́ lábẹ́ ìdérí o. Ọ̀rá àti èéfín tó gbẹ mọ́ irin nìyẹn.

Iná tó gbóná dáadáa á pa ohun tó hù náà lóòótọ́. Àmọ́ bí a kò bá kọ́kọ́ ha ọ̀rá kúrò, ọ̀rá yẹn gan-an ló máa gbiná, fẹ́ǹsì onípákó ló sì yí ẹ̀yìnkùlé wa ká. Ẹ̀wẹ̀, májèlé tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè tú jáde kì í tètè gbọ́ ti iná. Lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní England nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tó ti bu. Aflatoxin ni májèlé tí wọ́n rí níbẹ̀, sísè lásán kò sì ràn án. N kò sọ pé òun ló wà nínú smoker gbogbo èèyàn. Ohun tó bu, kíkó dànù ló yẹ ẹ́.

Èmi á wọ ìbọ̀wọ́, màá bo imú, màá kó èédú, igi àti eérú àtijọ́ dà nù pátápátá. Irin pẹlẹbẹ tí àwọn akunlé fi ń ha ọ̀dà ni mo fi ń ha ọ̀rá, láti abẹ́ ìdérí títí dé ẹnu ihò èéfín tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Wáyà ìyanran á wọ omi gbígbóná àti ọṣẹ abọ́, kànrìnkàn á sì ṣe ìyókù. N kì í fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì onírin. Lọ́dún 2012, CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, gbé ìròyìn jáde nípa èèyàn 6 ní ìlú Providence tí wáyà tó já lára irú búrọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ bá ẹran wọ ẹnu wọn; ó gún àwọn kan lọ́rùn, ó dá ìfun àwọn mìíràn lu. Bílíìṣì náà kò gbọdọ̀ wọ inú smoker, torí ó ń jẹ irin.

Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ tán ni màá tó dáná, 400 sí 500 lórí òǹwọ̀n Fahrenheit, fún bíi wákàtí kan, láìsí oúnjẹ kankan níbẹ̀. Bó bá tutù, màá nù ún, màá fi òróró pa inú rẹ̀, màá tún dáná díẹ̀ kí òróró náà lè mú irin. Ẹni tó bá sì ń rìnrìn àjò, kó da omi abọ́ nù, kó kó eérú, kó ṣí ihò èéfín sílẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e jáde kí Memorial Day, ọjọ́ ìsinmi ìparí oṣù Karùn-ún níbí, tó dé. Ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn ará wa máa ń ṣí ti wọn.

Èmi ni tiyín,
Alásè kan, Houston, Texas