Sí Báyọ̀, lórí ètò ìdájọ́ ilẹ̀ wa

Báyọ̀, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. A dúpẹ́, àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Abuja níbí. O bi mí nínú lẹ́tà rẹ bóyá lóòótọ́ ni ìjọba àpapọ̀ ní ètò kan lọ́wọ́ láti tún ilé ẹjọ́ wa ṣe, tàbí ariwo lásán ni. Ètò wà, Báyọ̀. Jẹ́ kí n sọ ibi tó dé fún ọ, nítorí inú rẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ọ̀rọ̀ náà sì ká mi lára.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n ṣe àpérò ńlá kan níbí, wọ́n sì fọwọ́ sí ìlànà tí yóò máa darí ètò ìdájọ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè láti ọdún 2024 títí di 2028. Ṣùgbọ́n òpómúléró iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìyẹn: òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, tí gbogbo wa ní kóòtù ń pè ní ACJA. Èkó ló ṣíwájú, wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ tiwọn ní ọdún 2007.

Abala 396 ni gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú òfin yìí. Ó ní kí a máa gbọ́ ẹjọ́ lójoojúmọ́, bí ìyẹn kò bá sì ṣeé ṣe, kí ẹnikẹ́ni nínú olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ má ṣe sún ẹjọ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, kí àárín ìjókòó kan sí èkejì má sì ju ọjọ́ iṣẹ́ 14 lọ. Wá wo bó ti ń rí ní kóòtù. Ọwọ́ ni adájọ́ fi ń kọ ohun tí ẹlẹ́rìí ń sọ. Bí ẹlẹ́rìí bá ń sáré, agbẹjọ́rò á ní kó máa wo gègé Olúwa mi, ìyẹn adájọ́, ẹlẹ́rìí á sì dákẹ́ títí adájọ́ yóò fi kọ gbólóhùn yẹn tán, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ rẹpẹtẹ ṣì wà nílẹ̀ fún ọjọ́ yẹn kan náà. Bí wọ́n bá wá gbé adájọ́ yìí ga lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹjọ́ náà di àtúnbẹ̀rẹ̀ níwájú ẹlòmíràn. Òfin yìí fẹ́ kí irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ padà wá parí ohun tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Udeogu, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ìlànà yẹn tako ìwé òfin ilẹ̀ wa. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe.

Síbẹ̀, bí o bá bi mí, abala mẹ́ta tí kò sẹ́ni tó ń pariwo wọn ni ẹ̀mí òfin náà wà. Abala 33 ní kí ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n mú láìgba ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí májísíréètì ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Abala 34 ní kí májísíréètì fúnra rẹ̀ máa lọ wo àgọ́ ọlọ́pàá, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Abala 111 ní kí ọ̀gá àgbà àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n máa kọ orúkọ àwọn tó ti ń retí ìdájọ́ ju ọjọ́ 180 lọ ránṣẹ́ ní ọjọ́ 90-90.

Mo ti bá wọn lọ sí irú àbẹ̀wò yìí. Májísíréètì náà jókòó sídìí káńtà, ó gba ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, ó ń fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan: “Ta nìyí? Kí ló ṣe? Ọjọ́ wo lẹ mú un?” Ó kan ọkùnrin kan tó jẹ́ pé gbèsè ni wọ́n torí rẹ̀ tì í mọ́lé, bẹ́ẹ̀ òfin yìí kan náà ló ní wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló lọ sílé, láìsí pé agbẹjọ́rò kan la ẹnu.

Nínú ènìyàn mẹ́ta tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n wa, bíi méjì ni kò tíì gba ìdájọ́ kankan. Ìjọba fi ìdá 300 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó oṣù àwọn adájọ́ ní ọdún 2024, ó sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò dé iwájú adájọ́, báwo ni owó oṣù adájọ́ yóò ṣe kàn án? Ìṣòro mìíràn ni pé ẹ̀sùn lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹjọ́ àwọn tó ń retí ìdájọ́ wọ̀nyí, kóòtù ìpínlẹ̀ ni wọ́n sì wà, nítorí náà bí àwọn gómìnà kò bá náwó sí i, ètò Abuja kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mo ń kọ àbá kan lọ́wọ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó òfin náà, lórí abala mẹ́ta yìí nìkan. Ibẹ̀ ni mo ti nílò rẹ. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí o wà, fi ọjọ́ 182 ṣe gbèdéke fún ẹni tó wà ní àtìmọ́lé tó ń retí ìgbẹ́jọ́ ní Crown Court, ilé ẹjọ́ wọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá. Jọ̀wọ́, bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ta ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ka ọjọ́ náà, inú ìwé wo ló ń kọ ọ́ sí, àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún un bó bá gbàgbé. Kọ ọ́ fún mi ní kíkún bí o ti lè kọ ọ́ tó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Akínwándé