Òdòdó aláró tó wà lára fẹ́ǹsì mi

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ yẹn o. Ṣé àwọn ọmọ wà, ṣé bàbá wọn náà ń bẹ? Àwa náà wà ní Àkúrẹ́ ńbí, ara le, òjò ti ń palẹ̀ mọ́, láìpẹ́ ọyẹ́ á dé. Mo rí mẹ́sééjì ẹ tó o ti bi mí pé ṣé òdòdó gidi lèyí tó wà lẹ́yìn mi nínú fọ́tò yẹn àbí fóònù ló kùn ún. Òdòdó gidi ni o! Kódà fóònù ò gbé e dáadáa, tó o bá rí i láàárọ̀ kùtù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, wàá dúró.

Butterfly pea ni òyìnbó ń pè é, ṣùgbọ́n nílé wa òdòdó aláró la sọ ọ́, èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn. O rántí ìyá àgbà mi ní Oǹdó, nígbà tá a máa ń lọ lo họ́lídé lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n á gún ewé èlú, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a sóòrùn kí wọ́n tó wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú, tí ọwọ́ wọn á dúdú fún aró títí dé ìgúnpá, ọṣẹ ò kápá ẹ̀. Ọjọ́ tí òdòdó yìí kọ́kọ́ là lára fẹ́ǹsì, aṣọ wọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró ni mo rí lójú mi, mo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ń wò ó. Ohun tó tún wú mi lórí ni pé ìdílé ẹ̀wà ni èlú, ìdílé ẹ̀wà náà ni òdòdó yìí, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n.

O mọ̀ pé mo ti ra róòsì lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ọyẹ́ pa á, owó wọlẹ̀. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fún mi ní kóró ẹ̀, mo gbin mẹ́wàá ní April lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, méjì péré ló hù. Èèpo kóró yẹn le gan-an, omi ò tètè wọ inú ẹ̀. Nígbà tí mo tún un ṣe, mo fi ohun tá a fi ń gé èékánná gé etí kóró kọ̀ọ̀kan díẹ̀, mo rẹ wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú, mo wá rì wọ́n sílẹ̀ níwọ̀n oríkèé ìka kan, kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn fi yọjú. Ìtàkùn ni, fúnra ẹ̀ ló ń lọ́ mọ́ wáyà gòkè, ìwọ ṣáà fún un ní nǹkan tó máa dì mú.

Oòrùn ló fẹ́ o. Mo gbin ọ̀kan sábẹ́ máńgòrò, ewé ni ṣáá, òdòdó ò tó nǹkan. Omi tó dúró sójú kan ni ọ̀tá ẹ̀, èyí tí mo gbin sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà rà ní gbòǹgbò ní September, mo fi ṣòfò. Má sì fún un ní fatiláísà púpọ̀, torí nígbà tí mo fa ọ̀kan tu, mo rí àwọn kókó róbótó-róbótó lára gbòǹgbò ẹ̀ bíi ti ẹ̀pà, àwọn bakitéríà tó wà nínú kókó yẹn ló ń gba nitrogen, ìyẹn oúnjẹ ọ̀gbìn, nínú afẹ́fẹ́ fún un.

Jẹ́ kí n sọ ti ewúrẹ́ fún ẹ. January ọdún kejì, ewúrẹ́ àdúgbò já wọlé, wọ́n jẹ ẹ́ kanlẹ̀, kùkùté ló kù, àfi bíi kí n sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mi ò fà á tu ṣá, ó ṣe mí bíi kí n dúró dè é. Òjò March rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kùkùté yẹn rú, nígbà tó fi di May ó ti bo fẹ́ǹsì padà, ó tiẹ̀ wá kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdún kẹta ẹ̀ rèé.

Òdòdó kọ̀ọ̀kan ò ju ọjọ́ kan lọ kó tó rọ, àmọ́ òmíì ti là lọ́jọ́ kejì. Mo máa ń já bíi mẹ́fà, màá da omi gbígbóná sí i, omi náà á di búlúù, tó o bá wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i báyìí, á di elésè àlùkò lójú ẹ, torí àwọ̀ inú ẹ̀ máa ń yí tí nǹkan kíkan bá kàn án. Àwọn ará Malaysia ń fi se ìrẹsì. Mo fi pa áńkáṣíìfù funfun kan láró wò, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ó ti lọ, aró ìyá àgbà kọ́ nìyẹn.

Ní ti Manchester tìẹ, yìnyín á pa á tó o bá gbìn ín síta láìgbé e wọlé. Inú ìkòkò ńlá ni kó o gbìn ín sí ní March, nídìí wíńdò tí oòrùn ti ń wọlé, gbé e síta ní June, gbé e wọlé padà kó tó di òtútù. Ì bá wù mí kí n fi kóró tèmi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí kóró ọ̀gbìn ti ọ̀dọ̀ wa wọ Britain láìsí ìwé ẹ̀rí ìlera ọ̀gbìn láti ọ̀dọ̀ ìjọba, wọ́n á gbà á dànù ni, torí náà rà á níbẹ̀, wọ́n ń tà á. Tó o bá ti gbìn ín, ya fọ́tò ẹ̀ fún mi, àní látìgbà tó bá ṣì jẹ́ ewé méjì.

Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, àwọn èso ara ẹ̀ ti ń gbẹ, tí oòrùn bá mú báyìí wọ́n á máa ta kóró sọ́dọ̀ aládùúgbò, mo sì fẹ́ ṣa ti ọdún yìí pa mọ́ kí n fi díẹ̀ bá ìyá mi gbin síwájú ilé ní Oǹdó, níbi tí ìkòkò aró máa ń wà.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ ẹ