Sí ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń bóra nítorí ọkọ

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ìyàwó kékeré kan ládùúgbò wa wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ìpara àpòpọ̀ tó fi ń bóra ló fà á. Ojú rẹ̀ pọ́n, oríkèé ìka rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ọkọ rẹ̀ ló ní ó dúdú jù, òun náà ló ń fún un lówó ìpara. Mo bá ọmọkùnrin náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sunkún. Ó fẹ́ràn rẹ̀, n kò jiyàn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Nígbà tí mo ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀, a máa ń ka ìtàn kúkúrú kan tí Nathaniel Hawthorne, ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1843: "The Birth-Mark". Aylmer, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fẹ́ Georgiana. Àmì àbímọ́ pupa kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì obìnrin náà, ó rí bí ọwọ́ kékeré. Àwọn tó ti ń dẹnu kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ní iwin ló fọwọ́ kàn án lójú lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Òun náà gbà pé ẹwà ni, àfìgbà tó délé ọkọ. Aylmer kò lù ú o. Wíwò ló ń wò ó, tí ara obìnrin náà ń bù máṣọ, títí òun fúnra rẹ̀ fi kórìíra àmì náà ju ọkọ rẹ̀ lọ.

Ìyá mi ní àmì dúdú kan lọ́rùn. Bí bàbá mi bá ṣẹ̀ ẹ́ tó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ló máa ń fìka kàn, ìyá mi á sì bú sẹ́rìn-ín, ìjà parí. Ta ló wá sọ fún yín pé ara tí wọ́n bí yín mọ́ ń fẹ́ àtúnṣe? Ta ni?

Aylmer wá po oògùn tí yóò pa àmì ojú Georgiana rẹ́. Georgiana mọ ewu rẹ̀ o! Ó ti ka ìwé tí ọkọ rẹ̀ ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, ó rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tó dáwọ́ lé ni kò rí bó ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n Aylmer da oògùn náà sídìí òdòdó tí ewé rẹ̀ ní àbàwọ́n, àbàwọ́n sì pòórá. Àwọn oníìpara náà ń fi fọ́tò hàn yín lórí fóònù, àbí? Georgiana mu oògùn náà. Àmì náà ń parẹ́, ọkọ ń yọ̀, ìyàwó sì ń kú lọ.

Aminadab, ìránṣẹ́ Aylmer tí èéfín ti kùn lójú, ti kùn lábẹ́lẹ̀ pé tó bá jẹ́ ìyàwó òun ni, òun kò ní jẹ́ kí àmì yẹn kúrò. Ó kùn tán, ó ń báṣẹ́ lọ. Inú rẹ̀ máa ń bí mi ju ti Aylmer lọ. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ ń rí i tí ẹ ń sọ ọ́ lẹ́yìn, ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀!

Ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ kò bá fẹ́ adúmáadán, ẹ má fẹ́ ẹ. Mẹ́kúrì, èròjà olóró kan, máa ń wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, ó ń gba awọ ara wọlé lọ ba kíndìnrín jẹ́. Ẹkún ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò lè wò ó.

Ìwọ tó ti ń fi ìpara yìí bóra, má tijú. Gbé ike rẹ̀ dání lọ bá dókítà, bí kò tilẹ̀ ní orúkọ lára, kí wọ́n yẹ kíndìnrín rẹ wò. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ láti dá lọ, wá pè mí, màá tẹ̀lé ọ.