Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Sọnù Láàrin Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Òṣogbo,

Mo kí yín ní orúkọ Jésù. Ọ̀rọ̀ arákùnrin yín tó ń lu ìlù ni kò jẹ́ kí n sùn. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò wá sí ìsìn. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yá owó káàkiri, tẹ́tẹ́ orí fóònù gba èyí tó kù, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí mutí. Onílé rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀, Mùsùlùmí ni bàbá náà, ló wá bá mi nílé. Ó ní, "Bàbá, ṣé ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ ìjọ yín mọ́ ni?"

Ẹ jọ ń kọrin o. Ẹ jọ ń wọ aṣọ kan náà lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Nígbà tí kò wá, ẹ fún ọmọ kékeré kan ní ọ̀pá ìlù, ìsìn sì ń lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, pé ènìyàn lè sọnù láàrin wa, kí orin má sì yingin.

Mo ní kí wọ́n fi ohun tí ẹ kọ sórí WhatsApp hàn mí. "A ń retí rẹ o." "Olúwa á ṣe é." Olúwa á ṣe é! Ta wá ni ẹ fẹ́ kí Olúwa rán? Láti Ọláìyá dé Òkè-Baálẹ̀, èló ni ọ̀kadà? Ṣé orí fóònù náà ni ẹ ó ti máa sin ara yín ni?

Nígbà kan, iléeṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ kò san owó oṣù mọ́, ìyá yín sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ojú ń tì mí, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará kíláàsì Bíbélì mi ló ṣàkíyèsí pé ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó, pé mi ò dúró kí ènìyàn mọ́ lẹ́yìn ìsìn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bàbá télọ̀ kan láti Ìgbọ̀nà kan ilẹ̀kùn. Kò wàásù fún mi. Ó gbé àpò èlùbọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ẹni pé ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó ní kí ìyá yín fún òun lómi. Ó béèrè bóyá ọmọ ń sùn lóru. Ìgbà tó dìde ló ní, "Ọ̀la náà n ó yà." Ó yà lóòótọ́. Àwọn yòókù náà ń yà, títí mo fi ríṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀ nínú ìjọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lọ́dún 1918, tí àìsàn lúkúlúkú, ìyẹn àrùn inflúẹ́ńsà, ń pa ènìyàn, àwọn díẹ̀ kó ara wọn jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ń gbàdúrà fún ara wọn. Inú irú ìpàdé kékeré bẹ́ẹ̀ ni ìjọ wa ti hù, kí ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà tó dé lọ́dún 1930. Ẹ̀yin wá fẹ́ ìsọjí, ẹ kò mọ ilé ara yín!

Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní Jerúsálẹ́mù ń bẹ̀rù Sọ́ọ̀lù, ẹni tó ti ṣe inúnibíni sí wọn tẹ́lẹ̀, Bánábà ló mú un tọ àwọn àpọ́sítélì lọ. Kò dúró kí Sọ́ọ̀lù kọ́kọ́ dára tán lójú gbogbo ènìyàn.

Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni di kókó àdúrà kí gbogbo ìlú lè gbọ́. Òfófó ni, ẹ má pè é ní àdúrà. Aṣọ ìkórè tí ẹ fẹ́ rà, ẹ dá a dúró. Ọjọ́ tó yẹ kí ọmọ yẹn san owó ilé rẹ̀ ti pé. Ẹ̀yin tí nǹkan ń ṣẹnuure fún, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín, àwọn tí kò sẹ́ni tó ń bá wí nínú yín pọ̀. Ẹni tó bá ń jókòó sẹ́yìn, ẹ lọ jókòó tì í. Àní kí ẹ lọ!

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìdánrawò orin, mò ń lọ sí Òkè-Baálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ẹ má kọ́kọ́ béèrè gbèsè o. Kí ẹnì kan bá wa gbé oúnjẹ dání.

Èmi ni,
Bàbá Ìjọ yín.