Àwòrán ló ń gbó, lọ́ńṣì bọ́ọ̀sì ò gbó

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ lọ́ńṣì bọ́ọ̀sì, àpótí tọ́mọ fi ń gbé oúnjẹ lọ sílé ìwé, tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá àtọmọ l'Ọ́jà Ọba ní Adó níbí tílé ìwé bá ti fẹ́ wọlé. Èyí tọ́mọ ń gbé ò sán, ìdérí ẹ̀ ṣì ń dé dáadáa, àmọ́ Spider-Man ló wà lára ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sì ti ń gbé nǹkan míì, ló bá bú sẹ́kún. Àwọn àgbà á ní àwa òbí ìsìnyí la bà wọ́n jẹ́. Rárá o! Ọgbọ́n ọlọ́jà ni, ó sì ti pẹ́.

L'Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Aladdin tó wà nílùú Nashville ń ṣe lọ́ńṣì bọ́ọ̀sì onípáànù, páànù ọ̀hún le débi pé ẹni tó bá ra ọ̀kan ò ní ìdí kankan tó fi máa padà wá, ọjà wá fẹ́ kú. Ni wọ́n bá lẹ àwòrán Hopalong Cassidy, kaobọ́ì orí tẹlifíṣọ̀n, mọ́ ọn lára ní 1950, wọ́n sì ta bíi 600,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ Thermos náà ò káwọ́ gbera, ní 1953 wọ́n gbé ti Roy Rogers, kaobọ́ì míì, jáde, tiwọn kì í tiẹ̀ ṣe lílẹ̀, ṣe ni wọ́n tẹ àwòrán yí gbogbo páànù ká. Bí eré tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n báyìí, tàná ti di àlòkù nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan gbé irú ẹ̀ wá fún mi láti ọ̀hún. Ọ̀dà ti bó lára ẹṣin tó wà níwájú ẹ̀, níbi tó máa ń ha mọ́ dẹ́sìkì. Fláàsì inú ẹ̀ ò pẹ́ láyé (gíláàsì ló wà nínú, ó bọ́ lẹ́ẹ̀kan péré), bàbá mi wá fi páànù yẹn kó ìṣó. Ta ló mọ̀ pé olówó á máa wá a? Wọ́n ti ta ti Superman ọdún 1954 ní iye tó lé ní 10,000 dọ́là!

Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni ike gbàjọba, ti Rambo ní 1985 la gbọ́ pé ó kẹ́yìn onípáànù. Ike tiwa yìí ńkọ́, àwòrán á ti ṣí kí táàmù tó parí.

Mi ò sí lára àwọn tó ní kílé ìwé fòfin de àwòrán o, ọmọdé lọmọdé ń jẹ́. Ẹ ra èyí tó le tí ò ní nǹkan lára, kẹ́ ẹ wá máa pààrọ̀ sítíkà fún wọn, sítíkà ò wọ́n. Ẹni tó bá sì ṣì ní onípáànù àtijọ́ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fáwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́m o.

Ìyá ọmọ mẹ́ta,
Adó-Èkìtì