Bọ́ọ̀lù náà, ẹ̀kọ́ ni o

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn òbí tó ń sọ pé eré ìdárayá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà ní yunifásítì ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, ó ká mi lára gan-an ni. Agbábọ́ọ̀lù 22 là ń rí lórí pápá, ṣùgbọ́n ta ló ta tíkẹ́ẹ̀tì, ta ló bá onípolówó tọwọ́ bọ̀wé, ta ló ṣètò bí èrò ṣe máa jáde láìtẹ ara wọn mọ́lẹ̀ tí iná bá lọ lójijì? Iṣẹ́ àwọn tó ka mánéjìmẹ́ǹtì eré ìdárayá nìyẹn, kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí, láti 1966 ni Yunifásítì Ohio ní Amẹ́ríkà ti ń kọ́ wọn.

Apá ti ìlera gan-an ló wù mí jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa ṣeré ìmárale tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ mójú tó jíìmù tí wọ́n ti ń ṣe é, kó mọ ìṣirò owó, kó tún mọ ẹni tí àyà ń dùn tí kò yẹ kó gbé irin.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìwé ẹ̀rí nìkan ò tó o, ẹ lọ yọ̀ǹda ara yín níbi ìdíje, kódà kó jẹ́ àga lẹ máa tò, ibẹ̀ lẹ ti máa pàdé àwọn tó ń gbani síṣẹ́.

Èmi ni òǹkàwé yín.