Orúkọ tó wà lára bẹ́ǹṣì

Táńkẹ̀, Ìlọrin.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará Kánádà. Ọyẹ́ ti dé síbí náà, ètè mi ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀rín lo máa fi mí rín, ìwọ tó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Fọ́tò lẹ́tà yìí ni n ó fi ránṣẹ́ sí ọ. Bí mo bá pè ọ́, a máa rẹ́rìn-ín títí ọ̀rọ̀ á fi sọnù.

Àwa wà. Ọmọ mi yege nínú WAEC, baálé mi ti ta mọ́tò, orúnkún màmá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n mú bíró.

Mo lọ sí Ọ̀mù-Àrán lọ́sẹ̀ tó kọjá fún ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. O mọ̀ pé wọ́n ń tún inú rẹ̀ ṣe. Wọ́n ti lẹ táìlì, wọ́n ti kun ògiri, ó wá ku bẹ́ǹṣì. Bàbá Alàgbà dìde, wọ́n ní gbogbo orúkọ tó wà lára bẹ́ǹṣì ni wọ́n máa ha kúrò. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àlejò méjì jókòó tiwọn jẹ́ẹ́, ni ọmọ ẹni tó ni orúkọ ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì náà bá lé wọn dìde, ó ní bẹ́ǹṣì bàbá òun ni. Ibi tí Pásítọ̀ ti ń wàásù ìfẹ́ ará lọ́wọ́ o! Àwọn àlejò náà ò padà wá mọ́.

Ó yẹ kí ojú tì mí. Kàkà bẹ́ẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ nàró. Mo ní ẹni tó ṣe rere, ṣé kí á wá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ni? Mo ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Mo pa òwe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ oyè. Bàbá kàn wò mí, wọ́n ní, "Jókòó, ọmọ mi, a ti gbọ́." Èmi tí mò ń lọ sí àádọ́ta ọdún!

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, a kọjá Ọ̀rọ̀, a dé Àjàṣẹ́-Ìpo, n ò ra ẹ̀pà, n ò ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé tí mo bá kọjá Àjàṣẹ́ láìra nǹkan jíjẹ, ọ̀rọ̀ ti burú. Àwa Ìgbómìnà tí wọ́n ní ogbó, àdá bàbá wa, mọ̀nà, ogbó tèmi ṣìnà lọ́jọ́ náà. Lóru, mo gbé fóònù, mo ń tẹ ọ̀rọ̀ gígùn tí n ó fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lórí WhatsApp. Ọpẹ́ ni pé dátà tán.

Láàárọ̀, Lúùkù orí 18 ló kàn wá nínú àdúrà ìdílé, Farisí àti agbowó òde. Ọmọ mi ló ń kà á. Farisí náà ní: Mo dúpẹ́, èmi ò rí bí àwọn yòókù, mò ń gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mò ń san ìdámẹ́wàá gbogbo ohun tí mo ní. "Èmi" àti "mo" márùn-ún nínú àdúrà kékeré yẹn. Mo yọ́ wọ yàrá, mo ka ti inú ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ lóru. Mọ́kàndínlógún. Farisí ọ̀hún ì bá kí mi kú iṣẹ́.

Lọ́dún 1994 la jọ jáde síwájú pẹpẹ nínú ìsọjí yẹn, ọjọ́ tí sálúbàtà rẹ sọnù. Mo sunkún, mo ní kí Jésù gba gbogbo ayé mi. Ó jọ pé mo ti yọ orúkọ mi pamọ́ kí n tó gbé ẹrù náà fún un. Ní orí 9 nínú Lúùkù kan náà, ibi tí Jésù ti ní kí èèyàn sẹ́ ara rẹ̀ kó gbé àgbélébùú rẹ̀, Mátíù àti Máàkù kọ ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ Lúùkù nìkan ló fi "lójoojúmọ́" sí i. Ìyẹn ló ń dà mí láàmú. Èmi rò pé èèyàn á kú lẹ́ẹ̀kan, wọn á sin ín, wọn á jẹ ìrẹsì ni. N ò mọ̀ pé àràárọ̀ ni, bí ẹni ń fọ eyín.

O ti ń bi ara rẹ pé kí ló kàn ọ́ níbẹ̀. Ó kàn ọ́.

Owó tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún 2019 ni. Ìdajì tìrẹ, ìdajì tèmi, bẹ́ǹṣì mẹ́fà. Ìwọ lo ní ká má kọ orúkọ wa, kí wọ́n kọ "Ní ìrántí Màmá Sọ́ńdè Sukúù, láti ọwọ́ àwọn ọmọ yín méjì." Nígbà tí ẹni tó ń fi ọ̀dà kọ ọ́ bi mí pé kí ni kí òun kọ, orúkọ mi ni mo pè fún un. Orúkọ mi nìkan. Mo sọ fún ara mi pé àyè ò tó fún ọ̀rọ̀ gígùn. Bẹ́ǹṣì tó gba ìdí èèyàn mẹ́fà, Àbẹ̀kẹ́! Aṣọ òkè tí o rí lórí ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, tí o ní ó mà dára o, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́.

Èyí tó burú jù ni pé ìdí bẹ́ǹṣì kẹta ni màmá rẹ ń jókòó sí, orúkọ mi tó wà lẹ́yìn ti iwájú ló ń kọjú sí wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n sọ fún mi pé, "Ọ̀rẹ́ rẹ ti gbàgbé ilé." Mo dákẹ́. Nígbà tó yá, mo tún ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún ọ.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ jẹ́wọ́ nínú ìsìn, kí n gba máìkì, kí n sunkún, kí gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà. Ìgbà tí mo ká ara mi mọ́ ibi tí mo ti ń yan gèlè tí n ó wé lọ́jọ́ náà ni mo mọ̀ pé bẹ́ǹṣì keje ni mo tún fẹ́ kàn.

Ọ̀dọ̀ màmá rẹ ni mò ń lọ ní Sátidé, láìsí máìkì. Jọ̀ọ́, má tíì pè wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo ṣe é. Tí wọ́n bá lé mi jáde, ó tọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ni kí ìwọ wá pè mí, kí o bá mi wí tẹ̀rùntẹ̀rùn. N ò ní rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà ni wọ́n máa ha àwọn orúkọ. Mo ti ra sáńpépà. N ó ra wàrà dání fún màmá rẹ láti Ìlọrin. Kì í ṣe rìbá o. Ó dáa, rìbá ni díẹ̀.

Èmi ni,
Àjíkẹ́ rẹ.